Ṣé èérún òkúta shale tó láti fi mọ bó ṣe le tó?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Gombe bóyá èérún shale Pindiga (òkúta tí amọ̀ dì ní ìpele-ìpele) tí ẹ ní tó fún ìdánwò, ó tó dáadáa. Nanoindentation ni kí ẹ lò. Ẹ̀rọ náà máa ń fi ṣóńṣó dáyámọ́ńdì tẹ ojú òkúta, á sì máa ka agbára tó fi tẹ̀ ẹ́ àti bó ṣe wọlé tó. Bí òkúta bá ṣe ta padà nígbà tí ṣóńṣó ń kúrò la fi ń ṣírò elastic modulus (ìwọ̀n bí òkúta ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀), ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ Oliver àti Pharr gbé jáde ní 1992.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń mú kí ojú òkúta náà dán, ẹ má lo omi o, amọ̀ inú rẹ̀ lè wú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi púpọ̀, torí quartz, èròjà míì tó wà nínú rẹ̀, le ju amọ̀ lọ fíìfíì. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá orí ìpele lẹ ti tẹ̀ ẹ́ àbí ẹ̀gbẹ́. Èsì méjèèjì kì í sábà dọ́gba.