Ẹ ka orí kẹ́ ẹ tó ka owó

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa darí eré ìdárayá. Ẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin ni, ní Amẹ́ríkà, Division III (ìpele kẹta nínú NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀), akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ò tó 700. Ẹgbẹ́ eléré ìdárayá méje ló wà nílẹ̀, méjì nínú wọn ò kú, wọn ò yè. Ìbéèrè yín ni ibi tí owó á ti wá. Owó kọ́ ló ń kọ́kọ́ pa irú ètò báyìí o. Orí ni: iye ọmọ tó máa jáde wá sí pápá lọ́sàn-án Túsìdeè tí òjò ń rọ̀ nínú oṣù kẹwàá.

Division III kì í fún ọmọ ní sikọ́láṣíìpù nítorí eré ìdárayá, torí náà ẹni tó bá ní òun ò ṣe mọ́ kò jẹ yín ní gbèsè kankan. Iye tó bá forúkọ sílẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò kẹ́ ẹ tó ṣètò ohunkóhun. Ẹni 11 ló ń wọ pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni 13 ò lè gbé sáà kan já: orúnkún ọ̀kan yẹ̀, ọ̀kan ní làábù lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, òtútù dá ọ̀kan dúbúlẹ̀, ẹ ti di 10. Lójú tèmi, 18 ló yẹ kẹ́ ẹ ní, aṣọ́lé méjì nínú wọn.

Tẹ́níìsì máa ń tan èèyàn. Singles (ẹnì kan sí ẹnì kan) mẹ́fà ni, doubles (ẹni méjì sí ẹni méjì) mẹ́ta. Bí ẹ bá kó ọmọ márùn-ún lọ, ẹ ti fi singles kan àti doubles kan ta àwọn alátakò lọ́rẹ kí bọ́ọ̀lù tó fò. Cross country, eré sísá ọ̀nà jíjìn nínú pápá, ni owó rẹ̀ kéré jù, àmọ́ ipò ẹni márùn-ún ni wọ́n ń rò pọ̀. Bí mẹ́rin péré bá parí, ẹgbẹ́ yín ò ní máàkì rárá. Ẹ kó méje lọ: ẹni kẹfà àti ìkeje yín lè ti ipò àwọn alátakò sẹ́yìn.

Kẹ́ ẹ tó pa ẹgbẹ́ kankan rẹ́, ẹ wo iye ẹgbẹ́ tí Division III ní kò gbọdọ̀ dín, àti iye ìdíje tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó kà á.

Ọmọ tó ń gbá fọ́líbọ̀ọ̀lù tó tún ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, òun ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì máa ń tìtorí rẹ̀ jà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú oṣù kẹjọ, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i: ẹni tí sáà tiẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ló ni ọmọ títí dé ìdíje tó kẹ́yìn, ọmọ á sì sinmi ọjọ́ márùn-ún kó tó ré kọjá.

Ọ̀rọ̀ AS wá ńkọ́? Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wa ti ń mọ jínótáìpù wa láti iléèwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní Amẹ́ríkà níbí ò mọ tiwọn. Ẹ má dúró de àyẹ̀wò tuntun nìkan. Láti 2006 ni gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó wò fún un, èsì lè wà lọ́wọ́ dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní kékeré. Ọmọ AS lè ṣe eré èyíkéyìí, ṣùgbọ́n ẹ má fi eré máìlì kan dán an wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ sì jẹ́ kó sinmi dáadáa láàárín eré kan sí èkejì. Èyí táwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń ṣì mú rèé: bí iṣan bá kì nítorí ooru, á le gbagidi, ọmọ á máa ké. Ti AS, ẹsẹ̀ á rọ ọmọ wọ̀ọ̀, á jókòó pẹ̀lẹ́ sórí pápá, á ṣì máa dá yín lóhùn, tẹ́ ẹ bá sì tẹ itan rẹ̀, kò ní le. Ẹ má jágbe mọ́ ọn pé ọ̀lẹ ni. Ọ́síjìn, 911 (nọ́ńbà pàjáwìrì), lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku owó tẹ́ ẹ béèrè. Bọ́ọ̀sì ló ń jẹ ẹ́. Ẹ bẹ àwọn tó ń to ìdíje kí ẹgbẹ́ yín méjì lọ bá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ní Sátidé kan náà, kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò wákàtí dérébà: 10 ni òfin ní kó wakọ̀ mọ, kó má sì wakọ̀ mọ́ lẹ́yìn wákàtí 15 tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ìdúró nínú ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ kúrò nílé ní aago méje àárọ̀, ẹ dé ní mọ́kànlá alẹ́: bí dérébà ò bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rárá láàárín, ó ti di 16, ẹ máa sanwó dérébà kejì.