Omi Píà Gbígbóná fún Ọ̀fun Tó Ń Yún

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Guangzhou ní Ṣáínà lèmi àti ọkọ mi wà, ọjà aṣọ là ń ṣe níbí. Ikọ́ gbígbẹ kan mú mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ni ìyá onílé wa bá gbé abọ́ kan wá, píà tí wọ́n sè nínú omi ṣúgà ni, ó gbóná, ó dùn, àwọn èso pupa wínníwínní kan dẹ̀ léfòó lórí ẹ̀. Ọ̀fun mi balẹ̀ wẹ́lẹ́. Mo bi í bó ṣe sè é, àmọ́ a ò gbédè ara wa, fóònù ló ń bá wa túmọ̀ ẹ̀, ohun tó sì túmọ̀ ọ̀hún ò lórí kò nídìí. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 4, náà ti ń húkọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? – Ìyá Ìbejì, Guangzhou

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ dẹ̀ kú ìtọ́jú àwọn ẹ̀jìrẹ́. Bingtang xueli ni wọ́n ń pè é, wọ́n gbà lọ́dọ̀ wọn pé píà máa ń tu ẹ̀dọ̀fóró lára, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń sè é gan-an nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbẹ, láti bíi September lọ.

Píà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe píà tiwa tí à ń fi jẹ búrẹ́dì o! (Mo mọ̀ pé ẹnì kan nílé máa kà á, á sì lọ gbé ìyẹn kaná.) Èyí tẹ́ ẹ máa rà ni píà Ṣáínà, ó rí roboto, ó pọ́n díẹ̀, ó le, tẹ́ ẹ bá gé e jẹ omi á máa kán. Èyí tó gùn lọ́rùn tó rọ̀ ò dáa, ó máa ń túká sínú omi.

Ẹ fọ 2 ńlá, ẹ yọ kóró àti àárín ẹ̀ dànù, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Àwọn kan máa ń bó èèpo, èmi kì í bó o. Ẹ da lítà omi 1 lé e, ẹ ju dàbínù pupa ti Ṣáínà (hongzao) bíi 5 sí i àti ata ilẹ̀ kékeré kan, tó bá ti hó kẹ́ ẹ fa iná wálẹ̀ kó máa rọra hó fún bíi 40 mínítì, títí ẹran píà yẹn á fi hàn gaara. Ìgbà yẹn ni ṣúgà ń wọlé, bingtang náà nìyẹn, ṣúgà tó rí bí òkúta. Ṣíbí 2 ti tó jàre, píà fúnra ẹ̀ ti dùn, mi ò mọ ìdí táwọn èèyàn fi máa ń da ṣúgà sí i bí ẹni bínú. Àwọn èso pupa yẹn, gouqi ni, mínítì 10 tó kù kẹ́ ẹ tó gbé e sọ̀ lẹ máa dà á sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kan. Ẹ mu omi ẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ jẹ píà ẹ̀ náà.

Àwọn kan máa ń fi olú funfun tí wọ́n ń pè ní yin'er sí i kó lè máa fà. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, wákàtí 1 sí 2 lẹ máa rẹ ẹ́, ẹ má rẹ ẹ́ sílẹ̀ mọ́jú láéláé, pàápàá nígbà ooru, torí kòkòrò kan lè hù nínú ẹ̀ tí májèlé ẹ̀ ti pa èèyàn ní Ṣáínà, iná ò dẹ̀ ran májèlé yẹn, bó ti wù kẹ́ ẹ sè é tó.

Ní Beijing, wọ́n máa ń sè é títí á fi ki, wọ́n á rọ ọ́ sígò, qiuli gao nìyẹn, ṣíbí kan nínú omi gbígbóná ó parí. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ọ̀fun ló ń tù, kò pa àrùn kankan. Tí ikọ́ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 2, tàbí ara ọmọ ń gbóná, tàbí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tí abẹ́ ìhà ẹ̀ ń wọnú, ọsibítù yá, ẹ fi ìkòkò sílẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà, omi yìí kì í ṣe tiẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan júwe irú omi píà bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣé mo lè fi oyin dípò ṣúgà fún ọmọ-ọmọ mi? Ọmọ oṣù 8 ni. – Màmá Àgbà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi oyin sí i. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1 ò gbọ́dọ̀ lá oyin, ì báà jẹ́ ojúlówó oyin ìgàn, torí kòkòrò kan máa ń wà nínú ẹ̀ tí ikùn àgbà lè borí, àmọ́ tó lè mú kí ara ọmọ ọwọ́ rọ jọwọlọ, kó má lè fa ọmú, kó má lè mí dáadáa, sísè tí à ń sè nílé ò dẹ̀ pa á. Ẹ se píà lásán láìsí ṣúgà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ìyẹn ọmọ lè lá a. Díẹ̀díẹ̀ ṣá o mà, píà máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ ọmọ ṣàn.