Èsì Àyẹ̀wò Kéré, Àmì Àṣejù Oògùn sì Ń Hàn: Kí ni Kí Nọ́ọ̀sì Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ náà kò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi. Aláìsàn kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tó ń lo phenytoin nítorí wárápá. Ó ti rù gan-an, albumin, ìyẹn èròjà purotéènì kan, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8 mcg nínú mL kan, bẹ́ẹ̀ 10 sí 20 ni wọ́n kọ́ wa pé ó yẹ kó jẹ́. Síbẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń rìn bí ọ̀mùtí. Ẹlẹgbẹ́ mi ní kí a bẹ dókítà kó fi kún oògùn náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Inú mi dùn pé ẹ wo aláìsàn náà fúnra rẹ̀, ẹ kò dúró lórí ìwé èsì nìkan. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 phenytoin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń so mọ́ albumin. Ìwọ̀nba tí kò so mọ́ ọn ló ń dé ọpọlọ tó sì ń ṣiṣẹ́. Àpapọ̀ méjèèjì ni àyẹ̀wò tí a sábà ń ṣe ń kà. Nígbà tí albumin bá dín kù, àpapọ̀ náà lè kéré, kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ sì ti pọ̀ jù, nítorí náà 8 yìí lè jẹ́ àṣejù fún un. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò phenytoin tí kò so mọ́ albumin, èyí tó yẹ kó wà láàárín 1 sí 2 mcg nínú mL kan.

Ewu mìíràn tún wà nínú fífi kún un. Agbára ẹ̀dọ̀ láti pa oògùn yìí run ní òpin, tó bá sì ti dé òpin náà, àfikún díẹ̀ lè mú kí ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ fò sókè kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni retí. Gbígbọ̀n ẹyinjú ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn náà ni ìrìn á dàrú, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu, oorun á sì máa kun aláìsàn.

Ẹ pe dókítà kí ẹ tó fún un ní oògùn tó kàn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, torí dídá a dúró lójijì lè fa gìrì tí kò ní dáwọ́ dúró. Ẹ má jẹ́ kó dá rìn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún ẹ̀jẹ̀ fà, ẹ fà á ṣáájú oògùn tó kàn, kí ẹ sì kọ wákàtí tó lo oògùn kẹ́yìn àti wákàtí tí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, nítorí láìsí méjèèjì, kò sí bí dókítà ṣe lè túmọ̀ èsì náà bó ṣe yẹ.