Wo ẹ̀yìn òrùka náà kí o tó wo iwájú rẹ̀

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ. O ní ẹnìkan fẹ́ ta òrùka amẹ́tísítì kan fún ẹ, ìyẹn òkúta iyebíye elésè-àlùkò, ó ní láti ayé Queen Victoria ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ní Siberia ní Rọ́ṣíà ni òkúta rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n kò sí òǹtẹ̀ kankan tó ń fi bí wúrà ṣe jẹ́ ojúlówó tó hàn nínú òrùka náà, ọkàn ẹ ò sì balẹ̀. O wá béèrè ohun méjì: báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ, àti pé ṣé òrùka náà ṣeé wọ̀ lójoojúmọ́. Mi ò lè ka irú ìbéèrè yìí kí n dákẹ́. Nígbà tí èmi náà béèrè, àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn ló dá mi lóhùn, èmi ni mo sì jẹ ìyà ìdáhùn wọn.

Ká kọ́kọ́ ti ọ̀rọ̀ Siberia kúrò lọ́nà. Lóòótọ́, òkè Ural ní Rọ́ṣíà mú irú amẹ́tísítì kan jáde láyé àtijọ́ tí àwọ̀ elésè-àlùkò rẹ̀ jinlẹ̀ gan-an, tí pupa sì máa ń kọ yẹ̀rì nínú rẹ̀ tí wọ́n bá yí i sí iná. Àwọ̀ yẹn ni àwọn oníṣòwò ń pè ní Siberia lónìí, ibi yòówù kí wọ́n ti wa òkúta náà. Nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, amẹ́tísítì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde rẹpẹtẹ láti Brazil àti Uruguay, òkúta tí wọ́n ń kà mọ́ rúbì àti émírádì tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí apá ọ̀pọ̀ èèyàn ká. Nítorí náà, bí òrùka náà bá tiẹ̀ jẹ́ ti ayé Victoria, ìyẹn láti 1837 sí 1901, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ Brazil ni òkúta rẹ̀ ti wá. Má tìtorí orúkọ ilẹ̀ kankan fi ohunkóhun lé owó.

Òǹtẹ̀ tí kò sí kò tó ìdí láti sá. Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ ni wọn ò tẹ̀ ní òǹtẹ̀ rárá, òmíràn sì wà tí tirẹ̀ ti pa rẹ́, tàbí tí wọ́n gé e dànù nígbà tí wọ́n ń dín òrùka kù. Èyí tó ní òǹtẹ̀ gan-an ló máa ń tú àṣírí olùtajà nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ káràtì 9 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn ẹ́, tí wọ́n ní 1820 ni wọ́n rọ ọ́, irọ́ ni. Ọdún 1854 ni òfin ibẹ̀ tó fàyè gba káràtì 9.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ẹ jù lọ ni pé kí o yí òrùka náà sẹ́yìn kí o wo bí wọ́n ṣe de òkúta náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí mi mú.

Ẹ̀gbà ọrùn ni tèmi, òkúta mẹ́sàn-án tí wọ́n tò láti kékeré dé ńlá. Owó tí mo fi ọdún kan àbọ̀ kó jọ ni mo fi rà á. Òkúta kọ̀ọ̀kan jókòó sínú ife wúrà kékeré tí ìdí rẹ̀ dí pa, ìmọ́lẹ̀ kankan ò lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Mo rò pé ẹwà lásán ni wọ́n fi ṣe. Ìdọ̀tí ti há sí etí àwọn ife náà, ni mo bá gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó fi ìwé ẹ̀rí mẹ́rin kọ́ sára ògiri. Kò yí i wò rárá. Ó fi ìka kan ra ojú rẹ̀, ó ní, “Amẹ́tísítì le, omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rẹ ẹ́.”

Mo délé, mo rẹ ẹ́ bó ṣe wí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ fọ àwọn etí náà jẹ́jẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí táwẹ́lì, inú mi sì dùn torí ó ń dán ju bí mo ṣe rà á lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé etí òkúta kẹrin ti ṣú. Ó dà bí ìgbà tí tàdáwà bá kán sórí bébà tó tutù, tó ń fà díẹ̀díẹ̀ láti etí lọ sí àárín. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mẹ́fà nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti di àwọ̀ eérú. Mo gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, mo ní bóyá bó bá gbẹ á padà bọ̀ sípò. Ó gbẹ, eérú náà kò lọ. Mo jókòó tì í, mo sì sunkún.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí. Láyé àwọn ọba George ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn láti 1714 sí 1837, iná àbẹ́là ni àwọn èèyàn fi ń ṣe àríyá alẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń tẹ́ irin tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, tó ń dán, sí ẹ̀yìn òkúta kó lè máa dá ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn padà sójú ẹni tó ń wò ó. Wọ́n tún máa ń pa irin náà láró nígbà mìíràn kí àwọ̀ òkúta lè jinlẹ̀ sí i, wọ́n á wá dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa kí atẹ́gùn má baà débẹ̀. Bí omi bá rí ihò tín-ín-rín kan wọlé, irin yẹn á dípẹtà, kò sì ní dá ìmọ́lẹ̀ padà mọ́. Òótọ́ ni alágbẹ̀dẹ yẹn sọ nípa òkúta, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ìbá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ní ó yí i sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo padà lọ bá a. Ó ní kì í ṣe omi, ó ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Mo lọ bá olùtajà, òun náà ní èmi ni mo bà á jẹ́, kò ní gbà á padà. Ó mọ̀ pé irin wà lẹ́yìn rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ń gba owó?

Mo wá gbé e tọ adíyelé kan lọ. Ó ní gíláàsì ni. Èkejì gbé awò onílọ́po mẹ́wàá sójú, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ní àtọwọ́dá ni. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i, ó ní òun kì í kọ̀wé lórí irú ẹ̀. Àwọn méjèèjì gba owó iṣẹ́ wọn pé. Títí di òní, bí mo bá rántí ìṣẹ́jú kan yẹn, inú mi ṣì ń ru, nítorí ohun tó sọ kò ṣeé fi awò yẹn mọ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni amẹ́tísítì tí wọ́n ń hù nínú ẹ̀rọ ti wà lọ́jà. Quartz, irú òkúta tí amẹ́tísítì jẹ́, ni òun náà, èròjà irin tó wà nínú òkúta fúnra rẹ̀ ló fún un ní àwọ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti inú ilẹ̀, líle rẹ̀ náà sì jẹ́ 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta. Ilé àyẹ̀wò òkúta tó ní ẹ̀rọ tó péye ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn gan-an sì máa ń fara balẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi ẹ̀gbà náà ránṣẹ́ sí irú ibẹ̀ níkẹyìn, ìwé tó padà wá sọ pé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ti inú ilẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fi ojú lásán mọ àtọwọ́dá, bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sórí ìwé. Bó bá kọ̀, má san owó fún un.

Ìwé àyẹ̀wò ò tún parí ọ̀rọ̀ o. Ó máa ń sọ ohun tí òkúta jẹ́, kì í sọ ìgbà tí wọ́n fi í sínú òrùka. Òrùka àtijọ́ lè gbé òkúta tí wọ́n gé lọ́dún tó kọjá. Ojú ìwọ fúnra ẹ ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é ni pé kí o fi gbígbó òkúta wé gbígbó wúrà. Eruku lásán tó ń fò káàkiri ní èérún quartz nínú, ó sì ń ha amẹ́tísítì ní ìwọ̀nba. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún lórí ìka, etí ibi tí wọ́n gé òkúta náà á ti kúnú díẹ̀, bí etí ọṣẹ tí wọ́n ti lò lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bí ọrùn òrùka náà bá ti tín-ín-rín, tí àwọn èékánná tó di òkúta mú ti jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n tí òkúta mú ṣáṣá bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, wọ́n ti pààrọ̀ òkúta náà. Bó bá jẹ́ òkúta ló gbó tí òrùka sì nípọn láìsí àpá kankan, òrùka ló jẹ́ tuntun. Wo ẹ̀yìn náà bóyá wàá rí ibi tó ní àwọ̀ eérú ràkọ̀ràkọ̀ lára wúrà: òjé ni wọ́n fi jó o pọ̀, àtúnṣe tí kò dára ni, ó sì máa ń fún alágbẹ̀dẹ tó bá fẹ́ tún un ṣe ní wàhálà.

Ti gíláàsì rọrùn. Gbé òkúta náà kan ètè, quartz máa tutù ju gíláàsì lọ. Dojú rẹ̀ dé orí bébà funfun, kí o wo bóyá àwọ̀ rẹ̀ pín sí ìlà-ìlà tó tọ́, tó ní igun; ti gíláàsì máa ń dọ́gba látòkè délẹ̀, o sì lè rí ihò afẹ́fẹ́ róbótó nínú rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òkúta ha nǹkan láti fi dán an wò.

Bí o bá rà á tán tí kò bá ìka ẹ mu, má gbé e fún alágbẹ̀dẹ tó máa fi iná jó o láìyọ òkúta kúrò. Iná líle máa ń pa àwọ̀ elésè-àlùkò dà sí ìyeyè, púpọ̀ nínú citrine, ìyẹn quartz aláwọ̀ ìyeyè, tó wà lọ́jà gan-an amẹ́tísítì tí wọ́n yan lórí iná ni, òkúta náà sì lè là. Àwọn mìíràn nínú wọn ń ṣá bí oòrùn bá ń pa wọ́n lójoojúmọ́, torí náà má tọ́jú rẹ̀ sójú fèrèsé.

Bí ẹnìkan bá sì tún wá bá ẹ pẹ̀lú òrùka tó ní amẹ́tísítì, péálì àti òkúta ewé, tó ní ti àwọn obìnrin tó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, béèrè ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé WSPU, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ àwọn obìnrin yẹn, mú elésè-àlùkò, funfun àti ewé ní àwọ̀ wọn lọ́dún 1908, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń to àwọ̀ mẹ́ta yẹn pọ̀ ṣáájú ìgbà náà torí ó wuyì. Ìtàn ni wọ́n fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ ẹ.

Ìbéèrè ẹ kejì ń kọ́? Má wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ọwọ́ máa ń gbá nǹkan ju ọrùn àti etí lọ, èékánná tó ti gbó sì lè tú òkúta sílẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀. Yẹtí tàbí ẹ̀gbà lo lè máa lò déédéé. Òrùka náà, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ pàtàkì, kí o sì bọ́ ọ kí ọwọ́ ẹ tó kan omi, àgàgà bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dí.

Kọ̀wé sí olùtajà náà lónìí. Ní kó ya ẹ̀yìn òrùka náà, inú rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ránṣẹ́, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Béèrè bóyá irin wà lẹ́yìn òkúta, bóyá wọ́n ti tún un ṣe rí, àti pé ọjọ́ mélòó lo ní láti dá a padà bí ilé àyẹ̀wò bá sọ ohun mìíràn. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú rìsíìtì. Bí àwọn fọ́tò náà bá dé, gbé wọn wá síbí kí gbogbo wa bá ẹ wò wọ́n, ṣùgbọ́n má sanwó ṣáájú.