Ìbọn Tí A Fi Sábẹ́ Gèlè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Houston ni a ń gbé. Nígbà tí olè fọ́ ilé aládùúgbò wa, ọkọ mi ra ìbọn ìléwọ́ kan, ó sì fi í sábẹ́ àwọn gèlè mi lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kò sí ẹni tí yóò rí i níbẹ̀. Ọmọ wa kan jẹ́ ọmọ ọdún 13, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 6, màmá mi náà sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ṣé ibẹ̀ tó?

Ìdáhùn: Kò tó, ìyá wa. Lóòótọ́, ó dára kí ìbọn má hàn sójú àlejò, nítorí pé ẹni tó rí i lónìí lè ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí yóò wá jí i lọ́la. Ṣùgbọ́n yàrá ni olè kọ́kọ́ máa ń tú, láti abẹ́ màtíráàsì títí dé òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ti máa ń wá ẹ̀bùn Kérésì. Ní ti màmá yín, bí mo ṣe mọ àwọn ìyá wa, wọn kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè yín ká.

Ní ìpínlẹ̀ Texas tí Houston wà, bí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá tẹ ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ nítorí pé àgbàlagbà kò tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, àgbàlagbà náà ni òfin yóò mú, ọ̀rọ̀ náà yóò sì le sí i bí ọmọ náà bá yìn ín tí ó pa ènìyàn tàbí tí ó ṣe ènìyàn léṣe gidi.

Ẹ ra séèfù kékeré, kí ọkọ yín sì dè é mọ́lẹ̀ tàbí mọ́ igi inú ògiri, nítorí pé olè lè gbé èyí tí a kò dè lọ fọ́ níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Kí nọ́ńbà tí yóò máa ṣí i má ṣe jẹ́ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọmọ ọdún 13 yóò já a. Bí ọkọ yín bá ní òun kò ní tètè rí ìbọn mú bí olè bá dé, ẹ sọ fún wọn pé séèfù tí ń fi nọ́ńbà ṣí kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ fún ẹni tó ti fi í dánra wò, kí wọ́n sáà máa pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ kó tó kú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn bá ti yọ àpò ọta kúrò nídìí ìbọn, ìbọn ti ṣófo. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá: ọta kan ṣì lè wà nínú ihò tó wà lábẹ́ irin òkè rẹ̀, níbi tí ọta máa ń wà kí wọ́n tó yìn ín, ẹyọ kan yẹn sì tó pa ènìyàn. Kí ọkọ yín kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí wọ́n yọ àpò ọta, kí wọ́n fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n fi ojú wo inú ihò náà, kí wọ́n sì tún fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ki okùn onírin tó ní àgádágodo bọ inú rẹ̀, kí irin òkè náà má baà lè padà dé. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ fún oníṣòwò ìbọn láti fi ohun ìtì kún ìbọn ìléwọ́ tí ó bá tà, nítorí náà ẹ wo inú páálí tí wọ́n fi gbé e wálé. Kí ọta tó kù wà níbòmíràn, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbọn náà sun inú ọkọ̀ mọ́jú. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà síbi tó jìnnà sí séèfù, nítorí pé nọ́ńbà yẹn ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n bá jí i.