Iná lọ, ẹ̀rọ ọ́síjìn Bàbá ò sì gbọdọ̀ dúró: kí la máa ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹni ọdún 74 ni bàbá wa. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọsibítù, dókítà sì ní kí wọ́n máa lo ọ́síjìn lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, tọ̀sán-tòru. A ti ra concentrator onílítà 5, ìyẹn ẹ̀rọ ọ́síjìn tó ń lo iná. Ìbàdàn la wà, ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-pass-my-neighbour wà nílé. Ẹni tó ń ta ínfátà ní 1 kVA pẹ̀lú bátìrì kan ti tó wa. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Ẹni tó ń ta ínfátà ò parọ́ fún yín. Ínfátà 1 kVA á gbé ẹ̀rọ yẹn. Iye wákàtí tó máa fi gbé e ni kò sọ. Iṣẹ́ mi ni títún ẹ̀rọ ìwòsàn ṣe, ilé tí aláìsàn wà ni mo sì ń wọ̀ jù. Ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ni pé kVA, ìyẹn bí ẹrù tí ínfátà lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó, ni gbogbo èèyàn ń bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ wákàtí ló yẹ kí wọ́n bèèrè.

Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn concentrator náà síta, kí ẹ wo lébẹ́lì tó wà nítòsí ibi tí wáyà iná ti wọlé. Ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí W tẹ̀lé. Ọ̀pọ̀ onílítà 5 máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 350, onílítà 10 sì lè jẹ tó 600. Bó bá jẹ́ A ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi 230 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ má sì rò pé torí lítà 2 péré ni Bàbá ń lò, iná tó ń jẹ á dín kù gan-an. Ẹ̀rọ yẹn ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ń tì í gba inú àwọn hóró kan tó ń di náítírójìn mú, kí ọ́síjìn lè jáde lọ́tọ̀. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ sinmi, ì báà jẹ́ lítà 2, ì báà jẹ́ 5.

Lára lébẹ́lì yẹn kan náà, ẹ wò ó bóyá 230V, 50Hz ni. Àwọn ẹbí wa ní Amẹ́ríkà máa ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú inú rere, ṣùgbọ́n 120V, 60Hz ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tiransifọ́mà lè sọ 230 di 120, kò lè sọ 50 di 60. Mọ́tò inú ẹ̀rọ á máa gbóná, ọ́síjìn tó ń jáde sì lè má dára tó. Ẹ má lò ó fún ẹni tó ń fi mí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò bátìrì kan tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ká ní ó jẹ́ 12V, 200Ah: 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400. Bátìrì olómi ò fẹ́ kéèyàn lò ó kọjá ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní pẹ́ kú. Ó ku 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó ku bí 1,000. Ẹ fi wáàtì 350 tí ẹ̀rọ ń jẹ pín in. Kò pé wákàtí 3. Bí iná bá lọ ní aago 11 alẹ́, kó tó di aago 2 òru, ẹ̀rọ Bàbá á ti máa ké.

Kí ẹ fi wákàtí 8 ṣe òdiwọ̀n, ìyẹn òru kan. Bátìrì olómi 200Ah bíi 4 ló máa gbé e láìjìyà. Lithium 24V, 200Ah kan ṣoṣo á gbé e tó wákàtí 10. Owó lithium pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun ni màá yàn, nítorí pé ó ń yára gba iná. Ní àdúgbò tí iná ti ń wá fún wákàtí 2 péré, bátìrì olómi ò ní kún kí wọ́n tó tún mú un lọ, bí ó sì ṣe máa ń rí lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta nìyẹn títí á fi gbẹ. Kí wọ́n rí i pé pure sine wave ni wọ́n kọ sára ínfátà, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń jáde geere bíi ti NEPA, kí oníná sì fa wáyà ọ̀tọ̀ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì Bàbá, kí ẹnikẹ́ni má baà ki ẹ̀rọ ìlọṣọ bọ orí iná kan náà.

Síbẹ̀, bí owó ò bá tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sílíńdà ọ́síjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ ní. Kò nílò iná rárá. Ní ọdún 2024, gbogbo ẹ̀rọ iná Nàìjíríà wó lulẹ̀ léraléra. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń sanwó Band A pàápàá wà nínú òkùnkùn. Ẹ bèèrè iye lítà tí sílíńdà gbà, kí ẹ fi lítà tí Bàbá ń lò pín in, ìṣẹ́jú lẹ máa rí; ẹ wá fi 60 pín ìyẹn kó lè di wákàtí. Èyí tó gba 1,360, tó kún, á tó lítà 2 fún bíi wákàtí 11. Ẹ so kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí i mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ti dé ilé tí sílíńdà kún dẹ́múdẹ́mú, tí gbogbo ilé sì ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, ẹ jẹ́ kó máa tan gílóòbù. Iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò yẹ ẹ̀rọ Bàbá. Bí ẹ bá lè ní èyí tó tóbi díẹ̀, 2.5 kVA sókè, ẹ fi máa gba iná sínú bátìrì, kí ínfátà máa bọ́ concentrator. Ìta gbangba ni kó wà, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ wà ní kọ́rídọ̀, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, tí kò ní òórùn. Ẹ̀rọ kékeré tí ẹ ń kì bọ ìka Bàbá kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọ́síjìn: ó lè máa kọ 98 nígbà tí májèlé ń wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí gbogbo ilé bá ń ní ẹ̀fọ́rí, tí èébì ń gbé wọn, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí gbogbo yín bọ́ síta, kí ẹ sì gbé Bàbá lọ sí ọsibítù, ohun yòówù tí ẹ̀rọ ìka ì báà kọ.

Nígbà tí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ tàn. Mo bẹ̀ yín, àbẹ́là ò gbọdọ̀ wọ yàrá náà, àtùpà ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, kọ́ọ̀lì ẹ̀fọn náà ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ọ́síjìn máa ń wọnú aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì, iná díẹ̀ ti tó. Bí imú Bàbá bá gbẹ, ẹ má fi òrí tàbí Vaseline pa á. Ẹ bèèrè ìpara olómi tí kò ní òróró lọ́wọ́ apòògùn. Bí mímí bá sì le fún wọn, ẹ pe dókítà, ẹ má dá lítà yẹn gbé sókè fúnra yín, torí ọ́síjìn tó pọ̀ jù lè ṣèpalára fún àwọn kan tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti délé, ẹ mú àárọ̀ ọjọ́ kan tí iná wà, tí Bàbá jí, kí ẹ pa iná gbogbo ilé níbi mítà. Ẹ wo bóyá ínfátà gbà á lójú ẹsẹ̀, ẹ sì ka iye wákàtí tó fi gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ paná ẹ̀rọ, kí Bàbá bọ́ sórí sílíńdà. Ẹni tó ń sùn nínú yàrá wọn lóru ni kó ṣí i, kí ẹ̀yin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.