Kí la ó bá òǹkọ̀wé iléeṣẹ́ sọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ kékeré kan la ní nílùú Ifẹ̀ níbí. Gaàrí àti ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ la ń ṣe, ọ̀rá la ń dì wọ́n sí. A gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó máa bá wa kọ búlọ́ọ̀gù sórí ìkànnì wa. Ó ti kọ mẹ́rin, kò sí èyí tó tẹ́ wa lọ́rùn níbẹ̀. Bí a bá sì ní kó tún un kọ, á fajú ro. A ti fẹ́ wá ẹlòmíràn. Kí ló yẹ ká bá onítọ̀hún sọ ṣáájú, kó má tún rí bẹ́ẹ̀? Ìyá oníléeṣẹ́, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ajé á wọgbá o, Mà. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, ọ̀pọ̀ ìjà ọ̀gá àti òǹkọ̀wé ni wọ́n sì ti pè mí sí. Kì í sábà jẹ́ pé ẹni náà kò mọ̀wéé kọ. Wọn kò sọ ẹni tó ń kọ ọ́ fún fún un ni.

Kò sẹ́ni tí í gbé aṣọ fún télọ̀ láìsọ àrà tó fẹ́. “Bá wa kọ nǹkan nípa gaàrí” kò tíì di iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé báyìí:

“Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀: ìyá tó ń ra gaàrí ní àpò-àpò, tó ń tún un tà ní Sábó. Ohun tó ń dà á láàmú: gaàrí tó ń bu kó tó tà á tán. Ohun tí a fẹ́ kó mọ̀: bí a ṣe ń yan tiwa títí yóò fi gbẹ dáadáa, àti bó ṣe yẹ kó tọ́jú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kó ṣe: kó béèrè iye àpò kan lórí WhatsApp wa. Gígùn: bí 800 ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí yóò délẹ̀: Ọjọ́bọ̀.”

Òǹkọ̀wé tó gba irú ìwé yìí kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ̀yin náà kò sì ní lè sọ lọ́jọ́ Ẹtì pé ẹ̀lùbọ́ lẹ ní lọ́kàn.

Òun ló mọ̀wéé kọ, ẹ̀yin lẹ mọ gaàrí. Ẹ jẹ́ kó wá sí iléeṣẹ́, kó rí ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, kó bá àwọn tó ń yan gaàrí sọ̀rọ̀. Ẹ sì yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa dá a lóhùn. Bí ẹ̀yin, bàálé yín àti mánija bá jọ ń tún ìwé kan náà ṣe, ó dájú pé á fajú ro.

Níbi àtúnṣe gan-an ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ẹ dá iye rẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ràn, kó wà nínú owó iṣẹ́. Bó bá kọ ohun tí kì í ṣòótọ́, ọ̀fẹ́ ni yóò tún un ṣe, iye ìgbà yòówù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ yí ọkàn padà, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, owó mìíràn sì ni.

Ẹ jọ̀wọ́, kò gbọdọ̀ sí ohun tó máa jáde tẹ́nì kan kò kà nílé iṣẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa kọ ọ́ pé ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wo ìtọ̀ ṣúgà. NAFDAC kò gbà kí a polówó oúnjẹ pé ó ń wo àrùn, orúkọ yín ló sì wà lára ọ̀rá. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé aláìsàn lè kà á, kó pa oògùn rẹ̀ tì. Bó bá jẹ́ WordPress lẹ fi ń darí ìkànnì yín, ipò Contributor ni kẹ́ ẹ fún un: á lè kọ ọ́, àmọ́ kò ní lè gbé e jáde fúnra rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà (password) àgbà wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ má rò pé owó tí ẹ san ti sọ ìwé náà di tiyín. Lábẹ́ Copyright Act 2022, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, ẹni tí a kàn gbéṣẹ́ fún, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, òun ló ni ẹ̀tọ́ lórí ohun tó kọ, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ ọ́ bí mìíràn. Ìlà kan péré tó bá sọ pé ó ti di tiyín lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, tí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí, ti tó.

Lórí owó, ìdajì ṣáájú, ìdajì lọ́jọ́ tó bá jíṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó ṣe òṣómàáló kó tó rí i gbà. Ẹ má sì so owó rẹ̀ mọ́ iye àpò tí ẹ tà lóṣù náà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ohun tuntun tó máa hàn dáadáa lórí Google, bí ẹni náà tilẹ̀ mọṣẹ́.

Ní ti ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ẹ má tíì lé e. Ẹ fún un ní ìwé tí mo kọ sókè yẹn, ẹ gbà á láyè kó wo iléeṣẹ́ fún wákàtí bíi mélòó kan, kó kọ ẹyọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀. Bí kò bá tún dáa, ẹ wá ẹlòmíràn.